Rush Limbaugh: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ò dupò rí, àmọ́ tí àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ń wárí fún

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Houston tí wọ́n ti ń wa táksí tipẹ́, láyé ìgbà kan, ìgbàkígbà tí mo bá pè wọ́n lọ́sàn-án, ohùn ọkùnrin kan ló máa ń wà lẹ́yìn wọn nínú mọ́tò. Ohùn tó rinlẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin náà á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ bébà tó ń dún lẹ́nu máìkì, á fọwọ́ lu tábìlì gbà, á tún bú sẹ́rìn-ín. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ta nìyẹn, wọ́n ní Rush ni, wọ́n ní kí n ní sùúrù kí bàbá yẹn sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ délẹ̀ ná ká tó máa bá tiwa lọ. Àmọ́ ọmọbìnrin wọn tó ń kàwé lọ́yà nígbà yẹn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn sétí rárá, tó bá ti wọ mọ́tò bàbá ẹ̀ báyìí, ó ti pa rédíò nìyẹn.

Nígbà tí Rush Limbaugh kú ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2021, bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri Amẹ́ríkà. Gómìnà Florida ní kí wọ́n rẹ àsíá sílẹ̀ nítorí ẹ̀, àwọn kan ń sunkún bíi pé bàbá tó bí wọn ló kú, àwọn míì ń yọ̀ ní gbangba lórí Twitter, wọn ò tiẹ̀ fi bò. Àwọn èèyàn wa nílé wá ń bi mí pé ta ni ọkùnrin yìí gan-an, ṣé pásítọ̀ ni, àbí sẹ́nétọ̀ ni tẹ́lẹ̀, àbí oníròyìn ni? Kò sí èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò dupò rí láyé ẹ̀, kò ní ìjọ tó ń darí, kò ka yunifásítì parí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni, ẹnu ni iṣẹ́ ẹ̀. Ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé báwo ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lásán ṣe dẹni tí ààrẹ ń bá gbé báàgì, tí àwọn aṣòfin ń tẹ̀ láago láti tọrọ àforíjì, tí ìdajì ìlú sì kórìíra ẹ̀ dé ọ̀run. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Ìlú kan tó ń jẹ́ Cape Girardeau, létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1951. Ilé lọ́yà ni ilé wọn. Bàbá bàbá ẹ̀ lọ́yà, bàbá ẹ̀ lọ́yà, àbúrò bàbá ẹ̀ di adájọ́ ìjọba àpapọ̀, àbúrò òun fúnra ẹ̀ náà, David, lọ́yà. Òun nìkan ló ní rédíò lòun fẹ́. Ọmọ ọdún 16 ló wà tó ti ń gbé àwo orin sórí afẹ́fẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò kan tí bàbá ẹ̀ ní ìpín nínú ẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni Rusty Sharpe. Wọ́n fipá mú un lọ yunifásítì, ó lo nǹkan bí ọdún kan, ó fi í sílẹ̀, inú bàbá ẹ̀ ò sì dùn sí i rárá. Ó gba agbègbè Pittsburgh lọ ní 1971, ó ń jẹ́ Jeff Christie, ó ń lo orin, ó ń dápàárá, wọ́n lé e. Ó lọ síbòmíì, wọ́n tún lé e. Nígbà tó fi máa di 1979, rédíò ti sú u débi pé ó lọ gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù onígi kan, Kansas City Royals, ó ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1983. Èèyàn tó ti lé ní 30 ọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kọ́lé, òun ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mẹ́nu ba ìyẹn torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ nígbà tó di olówó gọbọi ló gbà pé ọ̀kan lára wọn ni, ẹni tí ọ̀gá ti lé níṣẹ́ rí, ẹni tí kò ní sàtífíkéètì, ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń lò ó.

Ìlú Sacramento ní California ni ọ̀nà ti là fún un. Ní 1984, iléeṣẹ́ rédíò KFBK lé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ Morton Downey Jr. kúrò, wọ́n gbé Limbaugh sí àyè ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pa orin tì, tó jókòó sídìí òṣèlú, láìsí àlejò, òun nìkan pẹ̀lú máìkì àti àwọn tó ń pè wọlé. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1988, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ed McLaughlin, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà rédíò ABC tẹ́lẹ̀, gbé e lọ New York, ètò ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní iléeṣẹ́ rédíò 56 lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, iye iléeṣẹ́ tó ń gbé e lé ní 600. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, aago 12 ọ̀sán sí aago 3 ní New York, èyí tó jẹ́ aago 11 sí aago 2 lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston. Iye tí wọ́n máa ń pè fún àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ kan jẹ́ mílíọ̀nù 15 sí 20.

Ó dáa, kí ló dé tó jẹ́ 1988 ló bú gbàù, tí kì í ṣe ọdún mẹ́wàá ṣáájú? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì sọ. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fairness Doctrine, àjọ FCC tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló gbé e kalẹ̀ ní 1949. Ohun tó sọ ni pé iléeṣẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ ìjọba láti máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn tó ń da ìlú láàmú, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí èrò wọn tako ara wọn ráyè sọ tẹnu wọn. Ẹni tó bá mọ NBC tiwa ní Nàìjíríà, tí wọ́n máa ń fi owó ìtanràn kan iléeṣẹ́ rédíò tí wọ́n bá ní ètò ẹ̀ ò bá ìlànà mu, á tètè mọ irú nǹkan tí mò ń sọ. Òfin yẹn ò ní kí wọ́n fi aago wọn ọ̀rọ̀ o, pé tí ti kọ́nsáfétífù bá gba wákàtí kan kí ti ẹlòmíì náà gba wákàtí kan, òfin mìíràn ló wà fún àkókò àwọn olùdíje nígbà ìbò, àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, wọn ò fẹ́ wàhálà lẹ́tà àti ẹjọ́, ni wọ́n bá kúkú jìnnà sí ọ̀rọ̀ tó gbóná. Ní 1987, nígbà tí Reagan wà lórí oyè, FCC fagi lé e. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fẹ́ sọ ọ́ di òfin gidi lọ́dún yẹn kan náà, Reagan kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Limbaugh dé New York.

Àwọn kan wá ń sọ pé òfin yẹn tó kú ló bí Limbaugh, tí wọ́n bá dá a padà gbogbo nǹkan á tòrò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òfin yẹn ò kan tẹlifíṣọ̀n oníwáyà bíi Fox News, kò sì ní kan YouTube. Nǹkan kejì tó gbé Limbaugh dìde ni owó, ọ̀rọ̀ owó yìí ni kì í sì í hàn sí èèyàn. Rédíò AM ń kú lọ lákòókò yẹn, torí FM ló ń gbé orin tó já gaara, gbogbo ọmọdé ti kó lọ síbẹ̀. Àwọn tó ni AM ò mọ ohun tí wọ́n máa fi dí ọ̀sán. McLaughlin wá bá wọn, ó ní ẹ gba ètò wákàtí mẹ́ta yìí, ẹ ò ní sanwó, kìkì pé ẹ máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan sílẹ̀ fún wa nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan ká fi polówó ọjà tiwa, ẹ ta èyí tó kù. Ta ni ò ní gbà? Iléeṣẹ́ kékeré kan ní abúlé Nebraska ti ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ New York lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ rédíò ti sọ pé kò lè ṣiṣẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìlú wọn làwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ lọ́sàn-án, ẹni tó wà ní Missouri ò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń lọ ní New York. Wọ́n ṣì í. Bí iye olùgbọ́ ṣe ń gòkè ni owó ìpolówó ń gòkè, ní 2008 ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ní iye ẹ̀ jẹ́ 400 mílíọ̀nù dọ́là. Gbogbo iléeṣẹ́ AM tó rí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá Limbaugh tiwọn.

Nǹkan kẹta ni pé ọkùnrin yẹn mọṣẹ́. Kódà àwọn ọ̀tá ẹ̀ gbà. Ẹ gbìyànjú láti jókòó sídìí máìkì fún wákàtí mẹ́ta láìka nǹkan láti inú ìwé, láìsí àlejò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń wa tírélà lójú títì má lè yí rédíò ẹ̀ sí ibòmíì. Ó máa ń fọ́nnu pé Ọlọ́run ló yá òun ní ẹ̀bùn tóun ní, àwọn tó ń gbọ́ ọ ń pe ara wọn ní "dittohead", ìyẹn ni pé bó ṣe wí ni mo wí. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ìyọṣùtì wà níbẹ̀. Ṣáájú ẹ̀, àwọn kọ́nsáfétífù tó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba máa ń dà bíi tíṣà tó ń ka nótì, òun sọ ọ́ di nǹkan tí èèyàn ń gbọ́ tó sì ń gbádùn.

Mo ti ń pe kọ́nsáfétífù, mi ò sì tíì sọ ohun tó jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní ẹnì kan jẹ́ kọ́nsáfétífù, ẹni tó ń wọ ìborùn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọ ṣòkòtò, ló máa ń wá sọ́kàn. Ti Amẹ́ríkà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó orí ni ìjà tiwọn, kí ìjọba kéré, kí wọ́n fi oníṣòwò sílẹ̀. Àwọn kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, oyún ṣíṣẹ́, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin. Àwọn kan, ológun àti ọlá orílẹ̀-èdè. Limbaugh ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó orí àti ìjà pẹ̀lú àwọn tó ń pè ní lìbẹ́rà, ìyẹn àwọn tí èrò wọn tako ti kọ́nsáfétífù, ló wà lókè téńté lẹ́nu ẹ̀, kì í ṣe Bíbélì. Ìgbà mẹ́rin ló gbéyàwó, Elton John ló wá kọrin níbi ìkẹrin ní 2010. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé wòlíì ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò ẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ìwàásù, ìyẹn kọ́ ló ń tà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ agbára. Ní 1992, Bush bàbá, tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn, pè é wá sùn ní White House, ó sì bá a gbé báàgì wọlé fúnra ẹ̀, torí ìbò ń bọ̀, ó sì mọ iye etí tó wà níwájú rédíò yẹn. Ìbò yẹn ò bọ́ sí i, Clinton ló wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní 1994, àwọn Republican, ẹgbẹ́ Bush tí Limbaugh ń tì lẹ́yìn, gba ilé aṣojú-ṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín 40 ọdún, àwọn aṣòfin tuntun náà sì fi Limbaugh ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá láàárín ara wọn, wọ́n gbà pé òun ló ń bá wọn kéde lójoojúmọ́. Ní oṣù kìíní 2009 tí Obama fẹ́ gorí oyè, Limbaugh sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ kó kùnà. Aṣòfin kan láti Georgia, Phil Gingrey, ṣe àṣìṣe pé òun sọ pé ó rọrùn fún ẹni tó jókòó sídìí máìkì láti máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ju ọjọ́ kan lọ tó fi tẹ ètò náà láago, tó ń tọrọ àforíjì lójú afẹ́fẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Michael Steele, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ Republican fún gbogbo orílẹ̀-èdè, lọ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé eléré lásán ni Limbaugh, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ burú nígbà míì. Limbaugh dá a lóhùn. Alága ẹgbẹ́ gbé fóònù, ó bẹ̀ ẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa, alága ẹgbẹ́ ń bẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Kí ló fà á? Ìbò abẹ́lé ni. Aṣòfin Amẹ́ríkà tó wà ní àgbègbè tó jẹ́ pé Republican ló ń wọlé níbẹ̀ ò bẹ̀rù Democrat, ẹgbẹ́ alátakò wọn, rárá, ẹni tó ń bẹ̀rù ni ọmọ ẹgbẹ́ tiẹ̀ tó máa bá a du tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó sì máa ń jáde dìbò abẹ́lé, àwọn náà ló ń gbọ́ rédíò lọ́sàn-án. Limbaugh ò lè fi èèyàn wọlé ìbò gbogbogbòò tó bá wù ú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Àmọ́ ó lè mú kí oorun má kun aṣòfin. Ní òpin ọdún 2018, nígbà tó dà bíi pé Trump fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìnáwó tí kò ní owó ògiri ààlà Mexico nínú, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, Trump yí ohùn padà, ìjọba sì wà ní títì pa fún ọjọ́ 35.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ṣàròyé, títí kan ẹ̀gbọ́n mi, rèé. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ti dá wàhálà sílẹ̀, á ní eléré lòun, ẹ má ka ọ̀rọ̀ òun sí nǹkan ńlá. Àmọ́ tí Steele bá pè é ní eléré, wàhálà dé. Kò ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Ẹni tí aṣòfin ń bẹ̀ tí ẹ̀rù ẹ̀ ń ba ààrẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kúrò ní àwàdà, ó yẹ kó dáhùn fún un bí àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ Sandra Fluke ló jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kórìíra ẹ̀. Ọdún 2012 ni. Fluke ń kàwé lọ́yà ní yunifásítì Georgetown, tó jẹ́ ti ìjọ Kátólíìkì, ó lọ síwájú àwọn aṣòfin Democrat kan láti sọ pé ó yẹ kí inṣọ́ránsì yunifásítì náà máa sanwó oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó nílò oògùn yẹn torí àìsàn inú ilé ẹyin obìnrin. Limbaugh gbé e sórí afẹ́fẹ́, ó ní oníṣekúṣe ni, ó ní aṣẹ́wó ni, pé ó fẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún òun láti bá ọkùnrin sùn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sọ ọ́. Obama pe ọmọ náà lórí fóònù láti tù ú nínú. Àwọn tó ń polówó ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni Limbaugh gbé ìwé àforíjì jáde. Ẹyin lohùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kàwé kan náà, ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra, ó bi bàbá ẹ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ni ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé àwọn ò rí èsì fọ̀, wọ́n pa rédíò náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ṣùgbọ́n wọ́n padà sídìí ẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní 2006, Michael J. Fox, òṣèré tó ní àìsàn Parkinson, ṣe ìpolówó fún olùdíje kan ní Missouri tó fara mọ́ ìwádìí ìṣègùn. Gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n nínú ìpolówó yẹn. Limbaugh ní ó ń ṣe é ni, àbí kò lo oògùn ẹ̀ ni, ó sì ń mi ara ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì níwájú kámẹ́rà sítúdíò láti sín aláìsàn jẹ. Fídíò ẹ̀ wà níta, mo ti wò ó, kò dùn ún wò. Nígbà tí éèdì ń pa àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, ó ní abala kan nínú ètò ẹ̀ tó ń fi ikú àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tòun torin, òun fúnra ẹ̀ wá sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé nǹkan tóun kábàámọ̀ ẹ̀ jù lọ nìyẹn. Ní 2003 tí ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, gbà á síṣẹ́ láti máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi sọ pé àwọn oníròyìn ń gbé Donovan McNabb, agbábọ́ọ̀lù Philadelphia, gẹ̀gẹ̀ torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ariwo ta, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù lọ, tí mi ò tíì dárí ẹ̀ jì í, kan ilẹ̀ Áfíríkà. Oṣù kẹwàá ọdún 2011, Obama kéde pé òun ń rán nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun lọ ran àwọn ọmọ ogun Uganda àti àwọn aládùúgbò wọn lọ́wọ́ láti mú Joseph Kony àtàwọn èèyàn ẹ̀, ìyẹn Lord's Resistance Army. Limbaugh rí orúkọ "Lord" níbẹ̀. Ó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ní Kristẹni làwọn èèyàn wọ̀nyẹn, pé Mùsùlùmí ni wọ́n ń bá jà ní Sudan, pé Obama rán ọmọ ogun lọ pa Kristẹni. Èèyàn tó ń jí ọmọ kéékèèké gbé láti orí ẹní wọn, tó ń fi tipátipá sọ ọmọkùnrin di apànìyàn, tó ń fi ọmọbìnrin ṣe ìyàwó fún àwọn ọ̀gá, tó ń gé ètè àti etí àwọn ará abúlé. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn, ICC, ti ń wá Kony láti 2005. Òfin tí Obama tẹ̀ lé, ẹgbẹ́ méjèèjì ló jọ fọwọ́ sí i ní 2010. Kí ètò ọjọ́ yẹn tó parí, ẹnì kan sọ fún un pé ẹ̀sùn burúkú wà lọ́rùn àwọn èèyàn yìí, ó ní ṣé lóòótọ́ ni, pé àwọn máa wádìí ẹ̀. Lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ sétí mílíọ̀nù èèyàn! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ apá àkọ́kọ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ń sọ apá kejì. Àwọn òbí kan wà ní Gulu, ní Uganda, tí ọmọ wọn ò padà wálé títí dòní, ọ̀rọ̀ tiwọn ni wọ́n fi sọ Obama lókò yẹn.

Ṣé ó kórìíra aláwọ̀ dúdú ni? Wọ́n máa ń bi mí. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tó wà nílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ gbà pé nígbà tóun ṣì ń lo orin, òun sọ fún aláwọ̀ dúdú kan tó pe rédíò pé kó yọ eegun tó fi gún imú ẹ̀ kúrò kó tó tún pè, ó sì ní òun kábàámọ̀ ẹ̀. Ó fi Obama kọrin yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí aláwọ̀ dúdú kankan ò fẹ́ kí wọ́n pe òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni James Golden, aláwọ̀ dúdú tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bo Snerdley, ló bá a gbé fóònù àwọn tó ń pè wọlé fún nǹkan bí 30 ọdún, tó sì fẹ́ràn ẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Walter Williams, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé, aláwọ̀ dúdú, máa ń bá a jókòó sídìí máìkì tó bá lọ sinmi. Adájọ́ Clarence Thomas ló so ìgbéyàwó ẹ̀ kẹta pọ̀ nínú ilé ara ẹ̀ ní 1994. Èrò tèmi ni pé ó lè bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́ kó sì tún máa fi irú àwọn èèyàn ẹni yẹn pa owó lórí afẹ́fẹ́, méjèèjì ò tako ara wọn lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìyà náà jẹ ẹ́. Ní 2001 etí ẹ̀ di, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ di adití. Fún ìgbà díẹ̀, ó ní ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó pè wọlé sórí kọ̀ǹpútà kó lè máa kà á, kó dá wọn lóhùn bíi pé ó gbọ́. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún yẹn, wọ́n fi ẹ̀rọ sí etí ẹ̀ kan. Ní oṣù kẹwàá 2003, ó jẹ́wọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé oògùn tó ń pa ìrora ti di bárakú fóun, pé òun ń lọ síbi ìtọ́jú. Ẹni yìí kan náà ti sọ ní 1995 pé kí wọ́n máa ju àwọn tó ń lo oògùn olóró sẹ́wọ̀n. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Florida ní 2006 pé ó ń fọgbọ́n gba oògùn lọ́wọ́ dókítà kan lẹ́yìn èkejì, àmọ́ wọ́n bá a ṣe àdéhùn, ó san 30,000 dọ́là, ó gba ìtọ́jú, wọ́n sì fagi lé ẹjọ́. Mi ò yọ̀ ọ́ ṣẹ̀sín lórí ìyẹn, ìrora kì í ṣe ẹ̀sín. Àmọ́ ẹni tí kò ní owó lọ́yà ní Amẹ́ríkà, pàápàá aláwọ̀ wa, mo mọ ibi tí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé e dé.

Ó fẹ́ràn sìgá ńlá, ó sì máa ń sọ pé èéfín sìgá ò ṣe àwọn tó wà nítòsí ní nǹkan kan. Ní oṣù kejì 2020 ó kéde pé àrùn jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró òun. Ọjọ́ kejì ẹ̀, níbi tí Trump ti ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, wọ́n pe orúkọ ẹ̀, Melania fi àmì ẹ̀yẹ Presidential Medal of Freedom kọ́ ọ lọ́rùn níbẹ̀, apá kan ilé náà dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, apá kejì jókòó, ojú wọn le. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí orúkọ ọkùnrin yìí ṣe rí ní Amẹ́ríkà, kó wo fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Láàárín oṣù yẹn náà ló sọ pé kòrónà ò ju òtútù lásán lọ.

Ó ń bá ètò ẹ̀ lọ láàárín ìtọ́jú, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2021. Lọ́jọ́ 17, orin ètò náà dún láago 12 bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ohùn obìnrin ló tẹ̀ lé e, Kathryn ìyàwó ẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń retí. Ọmọ 70 ọdún ni. Títí di oṣù kẹfà ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣì ń gbé ohùn ẹ̀ àtijọ́ sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, torí wọn ò tíì rí ẹni fi dípò ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ yẹn, ẹrù wà lẹ́yìn, èrò ń pariwo, àwọn ò dá a lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n ní Rush ti kú. Ó ní, "Dádì, mo gbọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́." Wọ́n ní kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn náà ò sì bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.